Ìgbéléwọ̀n ara ẹni kí intáfíù tó dé: kí gan-an là ń wọ̀n?

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí àwọn awáṣẹ́ pọ̀ sí, ẹ ó ti rí irú nǹkan yìí rí. Ẹnì kan á gbé ìdánwò kan síbẹ̀, á ní kí gbogbo èèyàn ṣe é kí wọ́n tó lọ sí intáfíù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan á ní òun jẹ́ INFJ, ìyẹn orúkọ tí ìdánwò ìwà kan ń fún èèyàn, èkejì á ní òun gba 62, ṣé òun yege? Ẹ̀kẹta á béèrè bóyá kí òun kọ èsì náà sínú CV òun. Ẹni tó gbé e wá á ti dákẹ́, nítorí òun alára ò mọ̀.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó sínú àpò kan, tí wọ́n wá fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ẹ jẹ́ ká tú àpò náà.

Kí ló ń jẹ́ ìgbéléwọ̀n ara ẹni?

Ẹ wo ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Kó tó wọkọ̀ lọ kó ọjà l'Ékòó, á kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀. Àǹkárá mélòó ló ṣẹ́kù? Èwo ló ń tà wàràwàrà, èwo ló ti ń gba eruku láti ọdún Iléyá? Ta ló kó léèsì tí kò tíì sanwó? Kò sẹ́ni tó máa fún un ní máàkì lórí kíkà yẹn. Bó bá purọ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ ló pa á fún.

Ìgbéléwọ̀n ara ẹni nìyẹn. Ẹ ń ka ọjà tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbé e lọ bá ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ ó ka ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ó ka ohun tó wù yín láti máa ṣe, ẹ ó wo ìṣesí yín láàárín èèyàn, ẹ ó sì wo ohun tí ẹ ò ní fi sílẹ̀ nítorí owó, bí ìlera, ọmọ ọwọ́ tàbí ọjọ́ ìsìn. Méjì àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Èèyàn lè mọ àmàlà rò débi pé gbogbo àdúgbò á máa wá a bí ìnáwó bá dé, kó sì jẹ́ pé ooru ìdáná ni ohun tó kórìíra jù láyé.

Ìdánwò tí àwọn báǹkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá ń fún awáṣẹ́ kí wọ́n tó pè é wá jókòó yàtọ̀ pátápátá. Ìṣirò wà níbẹ̀, àyọkà èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, aago sì ń lọ. Ìdánwò gidi nìyẹn, ẹni tó bá yege á yege, ẹni tó bá fìdí rẹmi á fìdí rẹmi. Ó jọ pé irú rẹ̀ ni ẹni tó gba 62 yẹn ṣe. Kó lọ fi àwọn ìbéèrè ọdún tó kọjá dánra wò ni, kíka ọjà ò lè bá a ṣe ìyẹn.

Èyí tó ṣẹ́kù ni àwọn ìdánwò tó ń fún èèyàn lórúkọ, bíi INFJ. Màá dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí òun ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù.

Ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn ìdánwò yẹn ń sọ?

Lẹ́tà mẹ́rin yẹn wá látinú ìdánwò Myers-Briggs, tí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Briggs Myers, gbé kalẹ̀. Ó pín gbogbo ọmọ aráyé sí oríṣi 16. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn kan náà lè ṣe é lónìí, kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan, kí lẹ́tà kan tàbí méjì yí padà. Iléeṣẹ́ tó ń tà á gan-an sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi yan òṣìṣẹ́. Bí ẹni tó ń ta ọjà bá ní kí ẹ má lò ó fún nǹkan kan, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú CV.

Kí ló wá dé tó fi máa ń dà bíi pé ó mọ̀ wá? Ní 1948, olùkọ́ kan l'Amẹ́ríkà, Bertram Forer, ṣe ìdánwò ìwà fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39. Lẹ́yìn náà, ó fún oníkálukú ní èsì lórí ìwé, ó ní kí wọ́n fi máàkì láti òdo dé 5 sọ bó ṣe bá wọn mu sí. Bí wọ́n ṣe pín máàkì gbogbo wọn dọ́gba, ó jẹ́ 4.26. Wọn ò mọ̀ pé èsì kan náà gẹ́lẹ́ ló fún gbogbo wọn, àti pé inú ìwé àwọn awòràwọ̀ ló ti ṣa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu wòlíì orí òkè: “Ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tí ọkàn rẹ̀ ò mọ́ sí yín.” Ta ló máa ní rárá?

Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo ń dà nù o. Láti 1959 ni John Holland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ pé a lè pín ohun tó wu èèyàn nínú iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà: iṣẹ́ ọwọ́ àti irinṣẹ́, ìwádìí, iṣẹ́ ọnà, ríran èèyàn lọ́wọ́ tàbí kíkọ́ wọn, ṣíṣe aṣáájú àti títa ọjà, àti títo àkọsílẹ̀ létòlétò. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé ìbéèrè 60 ka orí rẹ̀, wọ́n pè é ní O*NET Interest Profiler, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó wù yín nìkan ló ń bi yín. Kò mọ ohun tí ẹ lè ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ irú iṣẹ́ tó wà ní Òṣogbo. Ẹ ṣe é bí àyè bá wà, kó lè rán yín létí àwọn nǹkan tí ẹ ti gbàgbé nípa ara yín. Ibẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀ parí sí.

Kí ni àwọn tó jókòó sódìkejì tábìlì ń wá?

Ní 1998, àwọn olùwádìí méjì, Frank Schmidt àti John Hunter, kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láàárín ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún (85) jọ lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan òṣìṣẹ́. Wọ́n rí i pé intáfíù tí wọ́n ti ṣètò ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà, ń fi ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ dáadáa hàn ju èyí tí wọ́n kàn ń tàkurọ̀sọ lọ. Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní 2022, irú intáfíù yẹn ló sì wá síwájú gbogbo ọ̀nà yòókù.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi ti ń yí padà. Wọn ò béèrè pé “Ṣé o lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀?” mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa ní òun ò lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni “Sọ ìgbà kan tí ìwọ àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò gbọ́ra yín yé. Kí lo ṣe?” INFJ ò lè dáhùn ìyẹn. Ìtàn ló ń dáhùn rẹ̀, ìtàn ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Tìtorí rẹ̀ ni a ṣe ń ka ọjà.

Kí ló dé tí ẹnu wa máa ń wúwo níbẹ̀?

Ẹ gbà mí láyè lórí èyí, nítorí mi ò rò pé àìmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń wí.

Nílé wa, ẹlòmíì ló ń ki ẹni ní oríkì. Ìyá àgbà lè kì yín títí orí yín á fi wú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dìde láàárín àwùjọ tó ń ki ara rẹ̀, wọ́n á máa wojú ara wọn ni. Wọ́n tọ́ wa pé kí ọmọdé má sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú àgbà, kó má tẹjú mọ́ wọn. Bí a bá ṣe dáadáa, a ó ní “Ọlọ́run ló ṣe é” tàbí “ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọ̀gá wa.” Ọmọlúàbí nìyẹn.

Ẹ wá gbé ọmọ tí wọ́n tọ́ báyẹn síwájú àgbàlagbà mẹ́ta tó wọ kóòtù, kí wọ́n ní kó sọ ohun tó dára nípa ara rẹ̀. Ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé “a ṣe é,” “a bójú tó o,” “wọ́n ní ká ṣe é.” Àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ò ní rí nǹkan kan kọ. Wọn ò mọ èwo ni ọwọ́ tirẹ̀ nínú “a” yẹn. Ẹlòmíì sì máa gba ọ̀nà kejì lọ, á há gbólóhùn sórí látinú fídíò orí YouTube, á ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tí kì í sinmi. Ìyẹn gan-an ni kíkì ara ẹni, etí àwọn agbanisíṣẹ́ sì ti kún fún un.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní kí ẹ pa ìwà ilé tì. Ròyìn ni. Ẹ má sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ ṣe sí i. Ẹlẹ́rìí tó dúró níwájú adájọ́ kì í yangàn, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ lè ní “èmi ni mo ti ilẹ̀kùn” láì jẹ́ pé ẹ ń fẹ́ra yín kù.

Báwo ni mo ṣe máa ka ọjà tèmi?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀. Ó kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì, ó fi ọdún kan kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ tajà láti kékeré. Iléeṣẹ́ oúnjẹ kan ń wá ẹni tó máa mójú tó ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ìkéde iṣẹ́ náà ní àwọn ń fẹ́ ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ péye, tó mọ Excel, tó sì lè bá dírẹ́bà àti alábàárù sọ̀rọ̀ láì jà.

Lójú ara rẹ̀, kò nírìírí kankan. Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn nìyẹn, irọ́ sì ni nígbà púpọ̀.

Kó mú ìwé, kó má tíì kọ irú ẹni tóun jẹ́. Kó kọ ohun tó ti ṣe, láìka bó ṣe kéré sí, bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, wọ́n ń ta ẹja inú fíríìsà. Iná máa ń lọ, ẹja máa ń bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ iye páálí tó ń ṣòfò. Òun ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí páálí kọ̀ọ̀kan wọlé sára rẹ̀, tó ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ ta èyí tó ti pẹ́. Ní Ìsẹ́yìn, ọ̀gá ilé ìwé ní kó máa tọ́jú yàrá ìwé kíkà. Ìwé ń sọnù, ó ṣí rẹ́jísítà, ẹni tó bá mú ìwé á bu ọwọ́ lù ú. Ní òpin sáà náà, nínú ìwé 40 tó jáde, 38 ló padà wọlé. Ìjà kan sì wà láàárín òun àti olùkọ́ kan tó kọ̀ láti buwọ́ lùwé, tó ní ọmọ kékeré ò lè máa pàṣẹ fún òun.

Kó tó kọ gbogbo rẹ̀ tán, ìkéde iṣẹ́ yẹn ti ń dáhùn fúnra rẹ̀. Ẹja àti ìwé ni àkọsílẹ̀ tó péye. Olùkọ́ tó kọ̀ láti buwọ́ lùwé ni dírẹ́bà. Excel nìkan ló ṣẹ́kù tí kò ní ìtàn fún. Ó dáa bó ṣe tètè mọ̀, ó ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan láti gbé rẹ́jísítà yẹn sórí kọ̀ǹpútà, kó fi kọ́ ara rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù ni kíkà ń fihàn jù.

Ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìtò tó yẹ kó gbà. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń kọ́ni ní intáfíù ti ń pè é ní STAR, látinú Situation, Task, Action àti Result lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò le: báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà yẹn, kí ló já lé mi léjìká, kí ni mo ṣe, kí ló ti ibẹ̀ jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn lo gbogbo àkókò lórí ti àkọ́kọ́. À ń sọ bí Ìsẹ́yìn ṣe jìnnà, bí ilé ìwé ò ṣe ní òrùlé, bí ọ̀gá ṣe le, agogo á dún, ọwọ́ tiwa ò tíì kan nǹkan kan. Ohun tí ẹ ṣe ló yẹ kó gùn jù. Ẹ sọ ọ́ sókè sínú fóònù yín, kí ẹ tún un gbọ́. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì, ẹ gé e.

Ṣé èmi nìkan ló yẹ kí n gbé ara mi lé ìwọ̀n?

Rárá. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ní 1955, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Joseph Luft àti Harrington Ingham, ya fèrèsé onígun mẹ́rin kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pa orúkọ wọn pọ̀, wọ́n pè é ní fèrèsé Johari. Apá kan nínú rẹ̀ ni ohun tí àwọn ẹlòmíì mọ̀ nípa wa tí àwa alára ò mọ̀. Àwọn bàbá wa ti fi ìpàkọ́ sọ ọ́ tipẹ́.

Nítorí náà, ẹ bi èèyàn mẹ́ta. Kó má jẹ́ ìyá yín, àdúrà ló máa gbà fún yín. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́, ẹni tó ṣe ọ̀gá yín, àti ọ̀rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ẹ má bi í pé “Irú èèyàn wo ni mo jẹ́?” Ẹ bi í pé “Ìgbà wo lo rí mi tí mo ṣe nǹkan tó yà ọ́ lẹ́nu? Ìgbà wo ni mo bí ọ nínú?” Ìbéèrè kejì yẹn niyelórí ju àkọ́kọ́ lọ.

Kí ni kí n sọ bí wọ́n bá bi mí ní kùdìẹ̀-kudiẹ mi?

Ohun tó bí ọ̀rẹ́ yín nínú ni ẹ ó fi dáhùn. “Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù” ti di ẹ̀fẹ̀, ẹ yéé sọ ọ́. Ẹ mú àbùkù kan tó jẹ́ òótọ́, tí kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà yín sí (ẹni tó ń wá iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ò gbọdọ̀ ní òun máa ń gbàgbé nǹkan), kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti ń ṣe sí i. Ọmọbìnrin wa lè ní: “Ó máa ń ṣòro fún mi láti ní rárá fún ẹni tó jù mí lọ. Nígbà tí olùkọ́ yẹn kọ̀ láti buwọ́ lùwé, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dákẹ́, ìwé méjì sì sọnù. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń lọ bá ẹni náà, mo lè kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.”

Àwọn tó ń gbọ́ ọ máa rántí ìkúnlẹ̀ yẹn.

“Sọ fún wa nípa ara rẹ” ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ka àròkọ tí wọ́n kọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: orúkọ mi ni báyìí, ọmọ ìlú báyìí ni mí, àwa mẹ́fà làwọn òbí wa bí, èmi ni ìkẹta. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú CV. Ẹ mú ìtàn méjì tó sún mọ́ iṣẹ́ náà jù nínú ọjà tí ẹ kà, ẹ fi gbólóhùn mélòó kan sọ ọ́, kí ẹ wá sọ ìdí tí ẹ fi wà níwájú wọn lónìí. Kó má gùn.

Bí kíkà bá fihàn pé iṣẹ́ náà ò bá mi mu ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń kọ̀wé lórí intáfíù máa ń sá fún. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ̀lé ohun tó wù yín. Ẹni tí owó ilé ń lé kiri ò ní àyè ìyẹn, mi ò sì ní bá a wí bó bá gba iṣẹ́ tí kò wù ú.

Ohun tí kíkà lè ṣe fún un ni kó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín iṣẹ́ tí kò wù ú àti iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Èyí tí kò wù ú, ó lè ṣe é fún ọdún kan tàbí méjì, kó máa wá òmíràn. Èyí tí kò lè ṣe ni kó ṣọ́ra fún. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ní ọmọ ọwọ́, tí wọ́n ń retí ní Victoria Island ní agogo méje àárọ̀, kó kọ́kọ́ mú bírò. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú owó oṣù kó tó yọ̀. Kó ṣírò àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ 22 nínú oṣù, kó fi owó ẹni tó máa gba ọmọ mọ́ra kún un, kó wo ohun tó kù.

Bí wọ́n bá sì wá béèrè ní ìparí intáfíù bóyá ó ní ìbéèrè kankan fún wọn, kó má ní rárá. Kó bi wọ́n bóyá ọkọ̀ òṣìṣẹ́ wà, ibi tó ti ń gbéra, àti agogo mélòó ló ń kúrò níbẹ̀.